Bíréékà Tó Ń Já Léraléra: Ẹ Wo Àsìkò Tó Fi Já

Bíréékà kan já nínú ilé. Ẹ gbé e sókè, iná dé. Kò pẹ́, ó tún já. Ẹ tún gbé e. Nígbà tó bá fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnì kan nínú ilé á ti máa sọ pé bíréékà yìí ti bàjẹ́, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kódà kí wọ́n fi èyí tó lágbára jù ú lọ síbẹ̀ kí ara lè rọ gbogbo ilé.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Òótọ́ ni pé bíréékà náà máa ń bàjẹ́, a ó sì dé orí ìyẹn, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e síbẹ̀ ló ń ṣe. Ó rí nǹkan kan tí ẹ̀yin ò rí, ó sì gé iná kúrò. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àmì kan wà tó máa ń fún wa tí ọ̀pọ̀ kì í kọbi ara sí: àsìkò. Ṣé bí ẹ ṣe gbé e sókè báyìí ló já, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kúrò lọ́wọ́ yín? Ṣé ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó já? Àbí àárín òru ló ń já, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan, tàbí kìkì ìgbà tí òjò bá rọ̀? Àìsàn tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, ìtọ́jú wọn náà sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ti mọ àsìkò tí bíréékà rẹ̀ fi ń já ti rí ìdajì ìdáhùn.

Ẹ̀ṣọ́ méjì nínú ilé kan

Kí bíréékà tó dé, fíúsì là ń lò: wáyà tín-ín-rín kan tí iná ń gbà kọjá, tó máa yọ́ bí iná bá pọ̀ jù. Bó bá ti yọ́, ó ti tán, àfi ká fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lọ́dún 1924, ní ìlú Mannheim lórílẹ̀-èdè Jámánì, Hugo Stotz gbé bíréékà kékeré kan jáde tí a lè gbé padà sókè lẹ́yìn tó bá já, tó sì kó ẹ̀ṣọ́ méjì sínú ara rẹ̀. Títí dòní, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì yẹn ló ṣì wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára bíréékà ilé.

Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ kì í kánjú. Abala irin pẹlẹbẹ kan ni, oríṣi irin méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí iná bá ń gbà á kọjá, ó ń gbóná. Irin méjèèjì kì í gùn sí i bákan náà bí wọ́n bá gbóná. Ọ̀kan máa ń gùn ju èkejì lọ, abala náà á sì tẹ̀. Bó bá tẹ̀ dé ibì kan, á ti ìkọ́ tó di bíréékà mú, bíréékà á já. Bí iná bá fi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á pẹ́ kó tó tẹ̀. Bó bá jù ú lọ fíìfíì, á tètè tẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ kejì ni òòfà. Wáyà kan tí wọ́n lọ́ yíká yíká ni, tó kàn jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí iná rẹpẹtẹ bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, á di òòfà tó lágbára, á sì fa ìkọ́ yẹn kúrò kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Ẹ wo ojú bíréékà yín. Ẹ lè rí nǹkan bíi B10, C16 tàbí C20 lára rẹ̀. Nọ́ḿbà yẹn ni iye áḿpù (ìwọ̀n bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó) tó lè máa gbé láti àárọ̀ dalẹ́ láìsí wàhálà. Lẹ́tà yẹn ń sọ bí òòfà inú rẹ̀ ṣe ní sùúrù tó: oní-B máa ń já lójú ẹsẹ̀ bí iná bá dé ìlọ́po 3 sí 5 nọ́ḿbà náà, oní-C ní ìlọ́po 5 sí 10, oní-D ní ìlọ́po 10 sí 20. Bí ẹ bá rí 6000 nínú àlà kékeré kan lójú rẹ̀, iye áḿpù tó pọ̀ jù tó lè gé láìfọ́ nìyẹn.

Kí wá ni bíréékà yìí ń dáàbò bò gan-an? Wáyà inú ògiri ni. Ọ̀pọ̀ rò pé tẹlifíṣọ̀n tàbí fíríìjì ló ń ṣọ́, àwọn mìíràn rò pé èèyàn ni. Bíréékà lásán ò mọ̀ bóyá iná gbé èèyàn. Iná tó tó pa èèyàn kéré débi pé bíréékà oní-16 kò ní kà á sí nǹkan kan. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn ló wà fún ìyẹn, òun la máa kàn nígbà tó bá yá.

Ó dúró díẹ̀ kó tó já

Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Òun náà ló sì máa ń da àwọn èèyàn lórí rú jù, torí ó já lónìí, kò já lánàá, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n lò lọ́jọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gbogbo ohun èlò oníná ló ní iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ìdí tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ mú wáàtì yẹn, ẹ fi fóòlìtì ilé yín pín in, iye áḿpù tó ń fà ló máa jáde. Fóòlìtì jẹ́ nǹkan bíi 230 ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, 120 ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán. Kẹ́tùlù oní-wáàtì 2200 lórí fóòlìtì 230 ń fa áḿpù 9.6. Áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 2000 ń fa 8.7. Hítà tó ń mú yàrá gbóná, tí òun náà jẹ́ 2000, ń fa 8.7 mìíràn.

Ká ní orí bíréékà oní-16 kan ṣoṣo ni gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ wà. Kẹ́tùlù nìkan, kò sí ìjà. Kẹ́tùlù pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù jẹ́ 18.3, ó ti kọjá 16. Ẹ ó rò pé á já lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Ìlànà IEC 60898, tí wọ́n fi ń ṣe bíréékà ilé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, sọ pé bíréékà kò gbọdọ̀ já láàárín wákàtí kan bí iná tó ń gbà á kọjá bá jẹ́ ìlọ́po 1.13 nọ́ḿbà rẹ̀, àti pé ó gbọ́dọ̀ já kí wákàtí kan tó pé bí iná náà bá jẹ́ ìlọ́po 1.45. Tiwa yìí jẹ́ ìlọ́po 1.14. Ó lè fara dà á ju wákàtí kan lọ. Kẹ́tùlù sì rèé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni omi fi ń hó, á sì pa ara rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù náà kì í fa iná láìdábọ̀. Bó bá ti gbóná tó, á pa ara rẹ̀, bó bá tutù díẹ̀, á tún tan ara rẹ̀. Ẹrù ti kúrò lórí abala irin yẹn kó tó tẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá tan hítà mọ́ àwọn méjèèjì, ó di áḿpù 27, ìlọ́po 1.7 nọ́ḿbà bíréékà. Ìyẹn ò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Àti pé bí omi tó wà nínú kẹ́tùlù lọ́jọ́ náà bá kéré, ó lè má já rárá. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀.

Ooru náà ń dá sí i. Ìwọ̀n ooru 30 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì (°C) ni wọ́n fi ń díwọ̀n abala irin náà nílé iṣẹ́. Bí àpótí bíréékà bá wà níbi tí oòrùn ń pa, tàbí tí àwọn bíréékà tó fara tì í bá ń gbé ẹrù wúwo, ó ti gbóná kí iná tó dé ara rẹ̀, á sì tètè já ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ò ní ṣàìrí àwọn ilé tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan nìkan ni bíréékà ẹ̀rọ amúlétutù ń já, tí kì í já lóru.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé bíréékà tó já báyìí padà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó tutù. Ọ̀pọ̀ bíréékà ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró sí àárín bó bá já. Ẹ tì í wálẹ̀ pátápátá ná kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹni tí kò mọ èyí á máa tì í sókè láti àárín, á kọ̀, onítọ̀hún á ní ó ti kú.

Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ pín ẹrù. Ohun méjì tó ń mú nǹkan gbóná kò yẹ kó wà lórí bíréékà kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ohun tó ń gbóná ni ọ̀jẹun: kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù, hítà, sítóòfù oníná, ẹ̀rọ tó ń gbẹ irun. Gílóòbù LED, rédíò àti ṣájà fóònù, kí ẹ kó mẹ́wàá wọn jọ, wọn ò ní tó áyọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n olójú mẹ́fà ò sì sọ iná inú ògiri di mẹ́fà. Ojú ìfibọ̀ ló fi kún, wáyà tó wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ò yí padà. Bí ohun kan bá wà tí ẹ gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ tó sì wúwo, kí oníṣẹ́ iná fa wáyà tirẹ̀ fún un láti inú àpótí, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ni pípààrọ̀ bíréékà sí nọ́ḿbà tó ga jù. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ sí ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí òun ni èmi kà sí àṣìṣe tó léwu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wáyà ní iye tó lè gbé kó tó máa gbóná. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wáyà oní-1.5 (nọ́ḿbà tó ń sọ bí irin inú wáyà ṣe nípọn tó) ni wọ́n ń fà sí gílóòbù, bíréékà oní-10 ló sì sábà máa ń ṣọ́ ọ, wáyà oní-2.5 ni wọ́n ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú bíréékà oní-16 tàbí oní-20. Bí ẹnì kan bá yọ 16, tó fi 32 sí i, iná ò ní já mọ́ lóòótọ́. Kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù àti hítà á jọ máa ṣiṣẹ́, gbogbo ilé á dùn. Wáyà ni kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti fi kún ẹrù rẹ̀. Á máa gbóná nínú ògiri, rọ́bà ara rẹ̀ á máa gbẹ, á máa sán, ọjọ́ kan á sì ṣí sílẹ̀. Wọ́n ti sọ wáyà inú ògiri di fíúsì, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i nígbà tó bá ń yọ́.

Ọ̀kan wà tó jọ àpọ̀jù ẹrù àmọ́ tí kì í ṣe òun. Síkúrù tó di wáyà mú lábẹ́ bíréékà lè tú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́. Níbi tí wáyà àti irin kò ti fara kanra dáadáa, ooru máa ń wà níbẹ̀, ooru yẹn á sì rìn wọnú bíréékà, abala irin á tẹ̀. Bíréékà ò mọ̀ bóyá láti inú iná tó pọ̀ ni ooru ti wá tàbí láti ìdí síkúrù. Ooru ṣáà ni ooru. Bí ẹ bá ti ka wáàtì yín, tí gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì nọ́ḿbà bíréékà, síbẹ̀ tó ń já lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí, ẹ fura sí èyí. Ẹ máa ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná nítòsí àpótí, tàbí kí ẹ gbọ́ tó ń kùn wùùù, tàbí kí ojú bíréékà náà ti pọ́n bí ohun tó fẹ́ jóná. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ pa iná àpapọ̀, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má gbé e sókè mọ́.

Ó já lójú ẹsẹ̀

Níbí, òòfà ló ṣiṣẹ́. Láìfù, wáyà tó ń gbé iná wá, ti fara kan níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, níbì kan láìgba inú ohun èlò kankan, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bíríjì. Kò sí ohun tó máa dá iná dúró lọ́nà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún áḿpù, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á rọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ lè gbọ́ ìró "pàù" kan. Ibi tó ti wá pọ̀: wáyà tó já nínú púlọ́ọ̀gì, wáyà tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìṣó tí wọ́n gbá mọ́ ògiri láti fi fọ́tò kọ́, eku tó jẹ rọ́bà lókè àjà, omi tó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀nà tí ẹ máa fi wá a kò le, ó kàn fẹ́ sùúrù ni. Kí ọwọ́ yín gbẹ, kí ibi tí ẹ dúró sí náà gbẹ. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì tó wà lórí bíréékà yẹn. Mo ní kí ẹ yọ wọ́n, n kò ní kí ẹ pa súìṣì wọn, torí súìṣì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ pé láìfù nìkan ló ń gé, níútírà àti wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tó lọ sínú ilẹ̀) á ṣì so mọ́ ohun èlò náà. Ẹ rántí àwọn tó fara pamọ́: ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà ní kọ̀rọ̀, fíríìjì, rọ́tà íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ tó ń fa omi. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bíréékà sókè lẹ́ẹ̀kan.

Bó bá dúró, ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ yọ ni ọ̀daràn. Ẹ máa fi wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tan ọ̀kọ̀ọ̀kan kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, títí èyí tó já a á fi jáde. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ẹ yọ ìyẹn sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa ṣiṣẹ́ wọn. Bó bá já nígbà tí kò sí ohunkóhun nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti di ọ̀rọ̀ wáyà ilé tàbí ti ohun tó so mọ́ ògiri títí láé bíi ẹ̀rọ tó ń gbóná omi. Iṣẹ́ yín parí níbẹ̀. Ẹ má máa gbé e léraléra láti "gbìyànjú oríire". Ìgbàkígbà tí ẹ bá gbé e, ẹ tún da gbogbo iná rẹpẹtẹ yẹn sórí ojú kan náà tó ti fara pa, ẹ sì ń jẹ ẹ̀mí bíréékà náà.

Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ tàbí igi di ọwọ́ bíréékà mú sókè kó má lè wálẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti rò ó ṣáájú wọn: inú á já bí wọ́n tilẹ̀ di òde mú. Òógùn lásán ni.

Méjì wà tó ń já lójú ẹsẹ̀ tí wọn kì í ṣe bíríjì. Ọ̀kan ni gílóòbù àtijọ́, èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú. Bó bá fẹ́ kú, iná lè fò kọjá láàárín ẹnu wáyà tó já yẹn fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà bíréékà oní-B á sì rí i. Ẹ ó gbé bíréékà, á dúró, ẹ ó wá rí i pé gílóòbù kan ò tàn mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó tán. Èkejì ni àwọn ohun tó ní ẹ̀rọ tó ń yí: ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé pákó. Lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbéra, wọ́n lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ iná tí wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n bá ti ń yí. Ẹ̀rọ amúlétutù tún burú sí i bí iná bá lọ tó sì padà dé lójú ẹsẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì sinmi, ẹ̀rọ náà ò lè yí, á kàn máa fa iná lórí ìdúró. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá jẹ́ ìgbà gbogbo ló ń já bó ṣe fẹ́ gbéra, oníṣẹ́ lè fi oní-C rọ́pò oní-B tí nọ́ḿbà wọn dọ́gba, lẹ́yìn tó bá ti wọn wáyà. Lẹ́tà ló yí padà níbẹ̀, nọ́ḿbà wà bó ṣe wà.

Iná tó ń jò

Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín iná tó ń jò àti iná tó ń jó, bẹ́ẹ̀ ni èkíní lè di èkejì.

Nínú àpótí yín, ẹ wò ó bóyá bíréékà kan wà tó fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tó ní bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ T tàbí TEST sí. Òun ni RCD, ẹ̀ṣọ́ tó wà fún èèyàn tí a mẹ́nu kàn lókè. Kò bìkítà fún ẹrù púpọ̀. Ó dà bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ka iye èèyàn tó jáde àti iye tó padà wọlé. Iná tó bá gba láìfù jáde gbọ́dọ̀ gba níútírà padà, kó pé láìdín. Bó bá dín, á jẹ́ pé ó ti gba ibòmíràn lọ sílẹ̀, bóyá láti ara fíríìjì, bóyá láti ara èèyàn. Á já kíá. Èyí tó sábà máa ń wà nílé máa ń já bí ohun tó dín bá dé mílí-áḿpù 30, ìyẹn ìdá 3 nínú ìdá 100 áḿpù kan. Bó bá ti kọjá 15, ó láṣẹ láti já. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní GFCI, kò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀: ní nǹkan bíi mílí-áḿpù 5 ló ti máa já.

Àwọn tó máa ń sọ pé "kò sí ohun tí a ṣe, ó kàn já ni" sábà máa ń ní irú èyí lọ́wọ́. Bó bá ń já lóru, ẹ bi fíríìjì léèrè. Àwọn fíríìjì tí yìnyín kì í dì mọ́ ara wọn nínú ní hítà kékeré kan nínú tó máa ń tan fúnra rẹ̀ nígbà díẹ̀ láàárín ọjọ́ láti yọ́ yìnyín, bí omi bá sì ti wọ hítà yẹn, iná á jò nígbàkígbà tó bá tan. Ẹ̀rọ tó ń gbóná omi náà máa ń tan fúnra rẹ̀, irin ìgbóná inú rẹ̀ sì máa ń sán. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò ló ń já, ẹ lọ wo ìta: gílóòbù ara ògiri, sọ́kẹ́ẹ̀tì ọgbà, aago ẹnu géètì, ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ wáyà. Bí oòrùn bá ràn fún ọjọ́ méjì, á gbẹ, kò ní já mọ́, àwọn ará ilé á sì gbàgbé títí òjò mìíràn á fi dé.

Nígbà mìíràn, kò sí ọ̀daràn kan pàtó. Kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti irú wọn máa ń jo iná bíńtín sínú wáyà ẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn, kò sí aburú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ wọn bá wà lábẹ́ RCD kan, bíńtín bíńtín yẹn á ti sún un dé bèbè, ohun kékeré kan ló máa wá tì í ṣubú. Ilé tó bá ní RCD kan ṣoṣo fún gbogbo yàrá ló sábà máa ń rí èyí. Pípín àwọn yàrá sábẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni ojútùú rẹ̀.

Láti wá a, ẹ pa gbogbo bíréékà kéékèèké, ẹ gbé RCD sókè, kí ẹ wá máa tan àwọn kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú un já, orí rẹ̀ ni wàhálà wà; ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ bí a ti sọ lókè. Ohun kan wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu níbí. Ẹ ti pa gbogbo kéékèèké, síbẹ̀ RCD kọ̀, kò dúró. Ẹ má tíì ní òun ló bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ bíréékà kéékèèké, láìfù nìkan ni wọ́n ń gé, níútírà ṣì wà ní síso. Bí níútírà kan bá fara kan ẹ́ẹ̀tì nínú ohun èlò kan, iná á rí ọ̀nà àbùjá padà sílé, ìṣirò RCD ò sì ní pé. Ẹ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì inú ilé, kí ẹ tún gbé e wò. Bó bá ṣì kọ̀, oníṣẹ́ ló kù.

Bọ́tìnì T yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóòrèkóòrè. Ó yẹ kó já lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò já, iná ilé yín lè máa tàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti sùn lọ, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ yọ RCD kúrò pátápátá torí ó ń yọ yín lẹ́nu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Bó bá jẹ́ bíréékà gan-an ló bàjẹ́

Ó ń ṣẹlẹ̀. Bíréékà tó ti gé bíríjì lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ibi tí irin inú rẹ̀ ti ń fara kanra á ti jóná díẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lè máa mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́, tàbí kó máa gbóná lórí ẹrù kékeré. Oníṣẹ́ máa yọ wáyà kúrò lẹ́nu rẹ̀, á gbé e sókè lófìfo. Bí kò bá dúró nígbà tí kò ru nǹkan kan, ó ti kú. Tuntun tí wọ́n máa fi sí i gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ḿbà kan náà, kó sì jẹ́ irú tí àpótí náà gbà.

Ẹ má ṣí ìdérí àpótí yẹn fúnra yín. Bí ẹ tilẹ̀ pa súìṣì àpapọ̀, wáyà tó ń ti ìta wọlé sẹ́nu rẹ̀ ṣì ní iná, kò sì sí bíréékà kankan nínú ilé tó ń ṣọ́ ìyẹn.

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ máa mú ohun méjì dání ju tẹ́sítà lọ. Ọ̀kan ni mítà tó ń fi ẹnu gbá wáyà mú, tó ń sọ iye áḿpù tó ń kọjá láìgé wáyà. Èkejì ni èyí tó ń ti fóòlìtì 500 sínú wáyà láti mọ̀ bóyá rọ́bà ara rẹ̀ ṣì dára; lórí wáyà ilé, ó yẹ kó ka mẹ́gáóòmù 1 (ìwọ̀n bí rọ́bà náà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) ó kéré tán. Ẹ lè dín àkókò rẹ̀ kù gan-an bí ẹ bá ti kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó pè é. "Ẹ ǹlẹ́ o, bíréékà ń já" kò sọ nǹkan kan fún un. Àmọ́ ká ní ẹ sọ báyìí: "Bíréékà C16 ti yàrá ìdáná ni. Láti ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣe gbé e ló ń já, mo gbọ́ ìró. Mo ti yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì, ó ṣì já. RCD ò já." Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wáyà ògiri ni, ó ti mọ yàrá tí òun máa bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì ti mọ irinṣẹ́ tí òun máa kó sínú àpò kó tó kúrò nílé.